Ènìyàn mẹ́fà, òkè kan: rédíò mélòó ló yẹ ká gbé?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí i. Àwa mẹ́fà fẹ́ gun òkè kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, ká gbé rédíò ham, ìyẹn rédíò àwọn tó ń fi bíbá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ṣe ìgbafẹ́, dé ṣóńṣó rẹ̀, ká sì máa pe àwọn èèyàn láti ibẹ̀. Mẹ́rin nínú wa ló ní láísẹ́ńsì; àwọn méjì yòókù kò tíì ní, wọ́n fẹ́ wá fojú ara wọn rí i ni. A ò tíì gbéra tí ìjà ti bẹ́. Mẹ́ta nínú àwa mẹ́rin fẹ́ kí olúkúlùkù gbé rédíò tirẹ̀, áńtẹ́nà tirẹ̀ àti bátìrì tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ká gbé ẹyọ kan, ká máa gbà á lọ́wọ́ ara wa, làwọn yòókù bá ní ọ̀lẹ ni. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ẹni tí ẹ pè ní ọ̀lẹ yẹn, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ibi tí èmi ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ẹyọ kan ti kéré díẹ̀. Méjì ni kí ẹ gbé, kí ẹ wá fi rédíò kékeré kan, irú wọ́kí-tọ́kì, sínú àpò ní pípa, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tó gbé rédíò mẹ́rin gun òkè. Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Téèyàn bá ju òkò láti etí kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí etí kejì. Ká tó mu omi tán, òpó mẹ́rin ti dúró, wáyà sì ti gba orí ara wọn kọjá. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe tẹ bọ́tìnì láti pe CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, báyìí, rédíò àwọn mẹ́ta tó kù di adití lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe pé kó lè gbọ́ ohùn tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóltì iná, tí ẹ wá lọ tú wáàtì mẹ́wàá sí i létí láti mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ló tún fẹ́ gbọ́?

Ẹni tó wà lórí 14.060 MHz ló jìyà jù. Ẹnì kejì rẹ̀ ń lu Morse, kóòdù tó ń fi dídún kúkúrú àti gígùn dípò lẹ́tà, lórí 7.030 MHz, bẹ́ẹ̀ ẹ fi méjì sọ 7.030 di púpọ̀, 14.060 gẹ́lẹ́ ni yóò fún yín. Kò sí rédíò tí kì í jo díẹ̀ lára agbára rẹ̀ sórí ìlọ́po ìkànnì tó wà. Lọ́nà jíjìn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítòsí báyẹn, bí ẹni fi agogo sí ọ létí ni.

Wákàtí kan gbáko la fi ń ké "dákẹ́ ná, jẹ́ n gbọ́!" mọ́ ara wa. Nígbà tó sú wa, a pa mẹ́ta, a ń lo ẹyọ kan, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó pa tiwọn ti gbé ẹrù kìlò mẹ́ta-mẹ́ta gòkè lásán, wọ́n sì tún gbé e sọ̀.

* * *

Àwọn kan ti ń sọ pé fílítà ló máa yanjú ẹ̀: kí olúkúlùkù so fílítà mọ́ rédíò rẹ̀, kó jẹ́ pé ìkànnì tó ń lò nìkan ló máa gba ibẹ̀ kọjá. N kò bá wọn jiyàn pé fílítà ń ṣiṣẹ́. Mo ní méjì, mo sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí fílítà tó lè ya èèyàn méjì tó jọ wà lórí 7 MHz nípa, bẹ́ẹ̀ orí 7 àti 14 yẹn ni gbogbo wa máa ń sáré lọ, nítorí ibẹ̀ làwọn tó ń wá wa wà.

Àyè ló ju fílítà lọ. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé òfin Summits on the Air, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SOTA, ètò tí èèyàn ti ń gba póìńtì nípa pípe èèyàn láti orí òkè, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ England àti Wales ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2002, kò sí dandan pé kí ẹ jókòó sórí òkúta tó ga jù. Ibikíbi tí ẹ bá wà, tí kò bá ti fi ju mítà 25 lọ relẹ̀ sí ṣóńṣó, orí òkè náà lẹ ṣì wà. Lórí òkè tó tẹ́, ìyẹn lè fún yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà láti tàn ká. Lórí òkè tó mú ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́, kò fún yín ní nǹkan kan, ẹ̀yin mẹ́fà ló máa fún pọ̀ sójú kan.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Rédíò ńlá, èyí tó ń lo 7 àti 14 MHz, mo máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀. Rédíò kejì, èyí tó ń lo 145 MHz, ló ń jókòó sórí òkè gan-an. Àwọn méjèèjì kì í sábà bá ara wọn jà. Iṣẹ́ wọn náà yàtọ̀. Ti 145 MHz, ibi tí ojú lè rí ló ń lọ, ó sì fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti òkè tó ga ní mítà 900 sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí i ká, bíi kìlómítà 120 ni. Ti 7 àti 14 ń lọ kọlu ionosphere, ìpele afẹ́fẹ́ tó ń dá ohùn rédíò padà lókè lọ́hùn-ún, ó sì ń já bọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Èyí tó wà lórí 14 tilẹ̀ máa ń fo àwọn tó wà nítòsí kọjá pátápátá. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá da ionosphere rú, tí ẹ pe CQ títí tí kò sẹ́ni tó dáhùn, rédíò 145 MHz yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ní Yúróòpù, 145.500 la ti máa ń pe èèyàn; ní Amẹ́ríkà, 146.520 ni. Ẹ pè níbẹ̀, kí ẹ tètè yà sí ìkànnì mìíràn pẹ̀lú ẹni tó bá dáhùn. Ẹ má jókòó tì í.

* * *

"Báwo ni èèyàn mẹ́rin ṣe máa fi rédíò kan gba póìńtì?"

Ó rọrùn. Kọ́ńtáàtì mẹ́rin, ìyẹn èèyàn mẹ́rin tó dáhùn tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò kó tó gba póìńtì òkè náà, èyí tó lè jẹ́ 1 títí dé 10 bí òkè náà bá ṣe ga tó. Àmì ìpè tirẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bá láísẹ́ńsì rẹ̀ wá, ló gbọ́dọ̀ fi ṣe é, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí rédíò jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jọ wà lórí òkè kan náà ò lè pe ara yín kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́ńtáàtì tó bá gba ripítà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń tún un sọ jáde, kọjá kò ká. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo jẹnẹrétọ̀ elépo, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é látinú mọ́tò. Póìńtì òkè kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè gbà á láàárín ọdún.

Èèyàn mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin, kọ́ńtáàtì mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Nígbà tí ìkànnì bá ṣí dáadáa, kò ní gbà yín ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní rédíò kan ò lè tó èèyàn mẹ́rin, kò tíì jókòó ti rédíò lórí òkè lọ́jọ́ tó dára ni.

Ohun tó yẹ ká jà lé lórí ni bí ẹ ṣe máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Àwọn kan ní kí ẹnì kan parí tirẹ̀ pátápátá kó tó dìde. Àwọn kan ní kí ẹni tó bá dáhùn dúró, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a sọ̀rọ̀ léra-léra, kó tó lọ. Mo ti ṣe méjèèjì. Bí ohùn bá ń wọlé tó ń jáde, tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ gbọ́ báyìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ ní ìṣẹ́jú méjì, ẹ má jẹ́ kó lọ: ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ọ̀rẹ́ mi wà níbí," kí ẹ sì na máìkì fún ẹni tó kàn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń pè yín pọ̀ bí eéṣú, ọ̀nà yẹn ò dára, nítorí ẹ̀ ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró nítorí ẹnì kan. Nígbà náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó, kó ṣe tirẹ̀, kó dìde.

Ẹni tí kò mọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ní kó jókòó ṣáájú, kó lè rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Èmi ò gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìròyìn bá ti kàn pé ẹ ti wà lórí òkè, ariwo ọjà ni. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ kó àwọn alágbára tó ń pariwo kúrò nílẹ̀. Ẹnì kejì ni kó jẹ́ ẹni tuntun.

Mo rántí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kọ́kọ́ di máìkì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Ó sọ àmì ìpè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó ń dúró de èsì, èsì ò dé. Mo wo àtàǹpàkò rẹ̀: ó ṣì wà lórí bọ́tìnì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo rọra fọwọ́ kàn án. Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ohùn bá rọ́ wọlé, bí èèyàn mẹ́fà ló ń pè é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú sí mi. Mo ní kó mú ẹyọ lẹ́tà kan tó gbọ́ dájú, kó pe ìyẹn nìkan. Ó ní, "Lima?", bí a ṣe ń pe lẹ́tà L lórí rédíò. Gbogbo wọn dákẹ́ lọ́wọ́ kan, ó ku ẹni tó ni Lima. Láti orí òkè yẹn ni ó ti di ẹni tó ń kó àwa tó kù jọ. Ìdí tí n ò fi lè fara mọ́ kí olúkúlùkù jókòó ti rédíò tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá fọwọ́ kàn án lórí àtàǹpàkò?

* * *

Àwọn méjì tí kò ní láísẹ́ńsì. Kúkúrú ni tiwọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì lè sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni í bá jókòó tì í, tó sì jẹ́ àmì ìpè ẹni yẹn ni wọ́n ń lò. Ní àwọn ibòmíràn, èèwọ̀ ni. Ẹ ka òfin ilẹ̀ yín kí ẹ tó gbéra.

Ṣùgbọ́n ẹ má mú wọn dání bí ẹni mú àlejò. Kí ọ̀kan máa kọ ìwé: aago ní UTC (aago kan náà tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìṣirò), àmì ìpè ẹni tó dáhùn, ìkànnì, bí a ṣe gbọ́ ọ àti bó ṣe gbọ́ wa. Pẹ́ńsù ni kó fi kọ ọ́. Bírò kì í kọ lórí ìwé tí kùrukùru ti rin. Kí ẹnì kejì máa wo sánmà, kó máa wo aago. Ẹni tó jókòó ti rédíò kì í rí sánmà. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, etí rẹ̀ wà nínú íyápíìsì.

* * *

Ẹnì kan ti gbé wáàtì dé. Ó ní wáàtì márùn-ún kò tó nǹkan, pé tí a bá ti ń gbé rédíò kan, kí a kúkú gbé èyí tó lágbára àti bátìrì tó lè gbé e.

Ẹ wò ó báyìí. Láti wáàtì 5 sí wáàtì 20, ìlọ́po mẹ́rin ni. Létí ẹni tó ń gbọ́ yín, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 péré ni ìyẹn, ìyẹn ìpele kan ṣoṣo lórí mítà rédíò rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ yín ní ìpele 5 tẹ́lẹ̀ yóò gbọ́ yín ní ìpele 6. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo agbára tí ẹ fẹ́ fi gbé bátìrì ńlá láti fi gbé áńtẹ́nà sókè dáadáa, ẹ máa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Rédíò wáàtì márùn-ún kan tí mo mọ̀ dunjú ń jẹ bíi 2 ámípìà tó bá ń sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ nǹkan bí 0.45 tó bá ń gbọ́. Ní wákàtí méjì, bí a bá fi ìdá mẹ́rin àkókò náà sọ̀rọ̀, kò ní jẹ tó ámípìà-wákàtí méjì. Bátìrì LiFePO4, irú lithium kan, tó ní ámípìà-wákàtí 4 tó fún gbogbo ẹgbẹ́, ó sì máa ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń yin bátìrì olójé ní 7 ámípìà-wákàtí pé ó wọ́pọ̀, òótọ́ ni, ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lé ní kìlò méjì. Ẹ gbé e fún mítà 600 sókè kí ẹ tó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà rántí pé LiFePO4 kì í fẹ́ kí wọ́n ṣáàjì òun nígbà tí òtútù bá ti wà nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ ṣáàjì nílé.

Ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Wáyà tó tó mítà 20, tí a fi tíráńsífọ́mà kékeré bọ́ láti ẹnu ìdí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí 7 àti 14 láìtú u. Dipole, ìyẹn áńtẹ́nà wáyà alápá méjì, mítà márùn-ún sápá kan, márùn-ún sápá kejì, ń ṣiṣẹ́ lórí 14 nìkan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní wàhálà. Èyíówù kí ẹ mú, ẹ gbé òpó fáíbà tó gùn tó mítà mẹ́fà tàbí méje, irú ọ̀pá ìpẹja tó ń wọ inú ara rẹ̀. Ẹ má mú èyí tí wọ́n fi carbon ṣe. Carbon ń gbé iná mànàmáná, ó ń ba iṣẹ́ áńtẹ́nà jẹ́, kò sì yẹ kéèyàn gbé e ró lábẹ́ ìkùukùu dúdú.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti wáyà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1901, Marconi, ọ̀kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò, wà lórí Signal Hill ní Newfoundland, ó fi káìtì gbé wáyà sókè nínú ìjì, ó sì sọ pé òun gbọ́ lẹ́tà S tí wọ́n lù láti England. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí okùn bá ń já mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè, tí ìka ò sì lè so ìso mọ́ nítorí òtútù. Ẹ so gbogbo ìso nílé, kó jẹ́ pé kíkọ́ lẹ máa kọ́ ọ lórí òkè.

* * *

Wàyí o, ẹnì kan sọ ohun tó yẹ ká gbà lẹ́nu rẹ̀: pé bí rédíò bá jẹ́ ẹyọ kan, àwọn tó ń dúró de ipò wọn ni òtútù máa pa. Òótọ́ ni. Bí a ṣe ń gòkè ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ooru ń lọ sílẹ̀ ní bíi Celsius 6.5, afẹ́fẹ́ sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó gòkè pẹ̀lú òógùn lára, tó wá jókòó láìmira fún wákàtí kan, á gbọ̀n.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé rédíò méjì nìyẹn. Mẹ́rin tó ní láísẹ́ńsì pín sí méjì-méjì, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń dúró, kò sẹ́ni tó ń dúró pẹ́. Ẹ tún wọ aṣọ tó nípọn kí ẹ tó jókòó. Bó bá di pé ẹ ti ń gbọ̀n kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ó ti pẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìrìn gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní kí àwọn tó yára lọ ṣáájú, kí wọ́n lọ gbé áńtẹ́nà ró, kí àwọn tó kù tó dé. Ó dùn létí. Mo ti rí ibi tó gbé wa dé.

A pín ẹrù rédíò kan láàárín èèyàn mẹ́ta, àwọn méjì tó yára gbé rédíò àti òpó lọ. Bátìrì wà lẹ́yìn ẹni tí orúnkún ń dùn. Kùrukùru bò wá. Àwọn tó wà lókè jókòó ti rédíò tí kò ní iná, àwa tó wà nísàlẹ̀ dúró ní oríta ojú ọ̀nà méjì tí a ò mọ èyí tí wọ́n gbà. Wákàtí kan ó lé ká tó rí ara wa. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn yẹn ò bá wa lọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun ni òun dá gbogbo wa dúró. Ó dùn mí títí di òní, nítorí òun kọ́ ló dá wa dúró. Àwa la fi í sílẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà.

Ẹni tó lọ́ra jù ni kó máa rìn níwájú, tàbí kó wà ní ipò kejì. Ìṣirò rẹ̀ lẹ máa fi ṣe ti gbogbo yín. Naismith, ará Scotland tó máa ń gun òkè, ti fún wa ní ìlànà láti 1892: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Ọ̀nà kìlómítà 6 tó ga ní mítà 600, wákàtí méjì ó lé díẹ̀ nìyẹn. Fún ẹgbẹ́ tó gbé ẹrù, ẹ pè é ní mẹ́ta. Ẹ gbéra ní agogo méje, ẹ dé ní mẹ́wàá. Ìdajì wákàtí fún òpó àti wáyà, wákàtí méjì fún rédíò, ìdajì wákàtí fún kíkó ẹrù, agogo kan ọ̀sán ti lù. Ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí ìjì ọ̀sán tó kó jọ.

Tó bá wá di dandan pé kí àwọn kan ṣáájú, kí wọ́n jẹ́ méjì, kí gbogbo ohun èlò rédíò kan pé lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì máa pe àwọn tó wà lẹ́yìn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni áńtẹ́nà, pé òkè fúnra rẹ̀ ga ju òpó lọ, nítorí náà ààrá ò níí wá wáyà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìyẹn gbọ́. Lórí òkè tó ṣí gbayawu, ẹ̀yin àti òpó yín lẹ ga jù, wáyà náà sì ti wọ ọwọ́ yín látòkè.

Rédíò máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀. Lórí 7 MHz, mànàmáná tó wà lọ́nà jíjìn máa ń dún bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìyẹn nìkan kò tó láti sá, ó lè wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ṣùgbọ́n bó bá ń súnra, tó ń pọ̀ sí i, kí ẹni tó ń wo sánmà dìde wò ó dáadáa. Ohùn kejì ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù: kí gbogbo ìkànnì kún fún ariwo bí òróró gbígbóná, kí etí wáyà máa ta "ták, ták" síbi tó ti wọ rédíò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Irun apá mi dìde kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan wáyà, ẹ má kó òpó, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ààrá yóò fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, kò tó kìlómítà 10 sí yín, ó yẹ kí ẹ ti wà lọ́nà. Ẹ kúrò lórí ibi tó ga, ẹ má dúró sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ẹ jìnnà díẹ̀ sí ara yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó ronú àtipadà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń dìbò sí. Kí ẹ yan ẹnì kan nílé tó máa ní "ó tó," kí ó sì tó. Ẹnì kan nínú wa ti ní kọ́ńtáàtì mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ó ku ẹyọ kan, ààrá sì sán. Ẹni tí a yàn ní kí a máa lọ. Ó bọ́ íyápíìsì, ó dìde, kò bá wa jiyàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa padà síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

* * *

Àwọn tó kàn wá gun òkè jẹ́ẹ́jẹ́ wọn náà ní ẹ̀tọ́ sí orí òkè. Ẹ lo íyápíìsì. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ wáyà níbi tó bá rẹlẹ̀ dé ọrùn èèyàn. Ẹ má gba ibi tí gbogbo èèyàn ti fẹ́ dúró wòran. Tí ẹnì kan bá béèrè ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ yọ íyápíìsì kan fún un kó gbọ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe wọ inú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá, ó ní: "Tí rédíò ńlá yẹn bá wá bàjẹ́ lórí òkè ńkọ́? A ti gbé ara wa wá lásán nìyẹn."

Rárá. Ẹ ní ti 145 MHz níbẹ̀, ẹ sì ní èyí tó wà nínú àpò. Ẹ má wulẹ̀ fi áńtẹ́nà rọ́bà kékeré tó wà lórí ti 145 MHz ṣe é. Ẹ gbé áńtẹ́nà wáyà tó ṣeé ká, kí ẹ so ó mọ́ òpó kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ máa yà yín lẹ́nu. Èyí tó wà nínú àpò yẹn, ẹ má tàn án kí bátìrì rẹ̀ lè wà ní kíkún bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ rọ́. Kí fèrè wà lọ́rùn olúkúlùkù pẹ̀lú. Ẹ fọn ún lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ yóò fọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ kì í tilẹ̀ ṣe rédíò. Wáyà tó so bátìrì mọ́ rédíò ni wọ́n máa ń gbàgbé sílé. Ní Sátidé tó ṣáájú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí pápá kan, ẹ gbé òpó ró, ẹ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, kí ẹ tú u, kí ẹ kó o sínú àpò tó máa gbé e lọ, kí ẹ má sì yọ nǹkan kan jáde mọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ẹni tí ẹ pè ní ọ̀lẹ yẹn gbé rédíò ńlá.

Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ àti aago, ẹ sọ ọ́ síbí. Àwa náà máa wà lórí òkè tiwa lọ́jọ́ yẹn, a máa tẹ́tí sí 7 MHz láti agogo mẹ́wàá ààbọ̀, mo sì fẹ́ kọ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé mi.